Yèyé Tó Sá Láfún Sẹ́nu Géètì Olówó

Yèyé mi bínú títí ó fi kú. Ohun tí mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ nìyẹn, nítorí àwọn tó ń sọ ìtàn rẹ̀ báyìí ti ń bu ṣúgà sí i, bí wọ́n bá sì sọ ọ́ fún ọdún díẹ̀ sí i, kò ní í ku nǹkan kan nínú obìnrin tí mo mọ̀.

Ìyá tó bí bàbá mi ni. Ràbíátù ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá Oníláfún ni gbogbo ìlú ń pè é. Ó kúrú, ó dúdú, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì funfun, ó hunjọ bí ọwọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ aṣọ tán, nítorí pé láti ìgbà ọmọge ni ọwọ́ yẹn ti ń wọnú omi ẹ̀gẹ́. Tí ẹ bá bá a níbi tó ti dákẹ́, ó ń kírun ni, tàbí ó ń sùn.

Ìlú rẹ̀ kò jìnnà sí Ìkọ̀lé. Ọ̀kadà ló máa ń gbé wa láti Ìkọ̀lé, a ó gba àárín oko kòkó àti oko ẹ̀gẹ́ kọjá, a ó gun òkè kékeré kan, omi yóò sì yọ sí wa lójijì. Odò náà fẹ̀ níbẹ̀ débi pé ẹni tó wà ní òdìkejì kò ní í gbọ́ ohùn rẹ bó o tilẹ̀ pariwo. Létí omi yẹn ni àpáta kan wà, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó gbóná lọ́sàn-án bí agbada. Àwọn obìnrin ìlú máa ń rẹ ẹ̀gẹ́ sínú ìkòkò àti dúrọ́ọ̀mù nísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n á sì sá láfún sórí rẹ̀. Kò sí ẹni tó ni àpáta náà. Kò sẹ́ni tó béèrè rí.

Gbogbo ìgbà tí ilé-ìwé bá ti gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ ni bàbá mi máa ń kó mi láti Ìbàdàn wá bá Yèyé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo sì máa ń wà títí wọn yóò fi wọlé padà. Ṣé ó dùn? Ó dùn. A máa ń jẹ àgbàdo sísun létí omi, a máa ń wẹ̀ títí ojú wa yóò fi pọ́n, a máa ń dùbúlẹ̀ sórí àpáta gbígbóná kí ara wa lè gbẹ. Ṣùgbọ́n inú máa ń bí mi bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ báyìí, nítorí pé ibi tí adùn náà wà gan-an ni wọ́n fi ògiri yí ká.

Ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ rẹ̀ fún yín, nítorí iṣẹ́ ni ìyókù dá lé. A ó bó ẹ̀gẹ́, a ó rẹ ẹ́ títí yóò fi rọ̀ tí yóò sì kan, a ó fa okùn inú rẹ̀ yọ, a ó fún omi rẹ̀ dànù, a ó wá fọ́n ọn sórí àpáta kí oòrùn lè pa á. Òórùn rẹ̀ kì í lọ lára aṣọ. Àkókò òjò sì ni ìsinmi wa máa ń bọ́ sí. Ojú ọ̀run á ṣú lẹ́ẹ̀kan náà, Yèyé á sì ké láti ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, gbogbo ọmọ àdúgbò á tú sáré lọ sódò, àti tiwa àti ti ẹlòmíràn, a ó máa kó láfún sínú báàfù kí òjò tó dé. Lọ́jọ́ kan mo jókòó, mo ní ó ti rẹ̀ mí, pé àlejò ni mo jẹ́. Yèyé kò lù mí. Ó kàn gbé báàfù lé mi lórí, ó ní, “Òjò ò mọ̀ pé Ìbàdàn lo ti wá.”

Ó ń bá gbogbo ènìyàn jà. Ó bá èmi náà jà lórí ìkíni. Ní àárọ̀ ọjọ́ kìíní tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo ní, “Ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé ẹ sùn dáadáa?” Yèyé bojú wẹ̀yìn. Ó wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ó wo ẹ̀gbẹ́ òsì.

“Ta ló wà lẹ́yìn mi?”

“Kò sẹ́nì kankan mà.”

“Èmi mélòó wá lò ń kí?”

Ní ilẹ̀ wa, a kì í fi “ẹ” kí ẹnì kan ṣoṣo, bó ti wù kó dàgbà tó. Ọmọ lè kúnlẹ̀ fún ìyá rẹ̀ àgbà kó sì pè é ní “ìwọ”, kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé ó yájú. Mo kọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀, mo gbé e padà dé Ìbàdàn, ìyá mi sì gbá mi létí nítorí rẹ̀. Nígbà tí màmá mi wá fẹjọ́ sun Yèyé lórí fóònù pé ó ń ba ọmọ òun jẹ́, Yèyé ní ẹni tó ń gbé “ilé” ni kó máa kọ́ ọmọ ní ti ilé, òun ń gbé “ulé” tòun, bí wọ́n ṣe ń pe ilé lọ́dọ̀ wa. Ó wá fi kún un pé, “Orúnkún ni ọ̀wọ̀ wà, kì í ṣe ẹnu.”

Ìbínú rẹ̀ kì í ṣe ti òṣónú. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin kan wà ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, awakọ̀ ni, tó máa ń na ìyàwó rẹ̀. Gbogbo àdúgbò gbọ́. Wọ́n á ní ọ̀rọ̀ lọ́kọláya ni, wọ́n á ti fèrèsé. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí igbe obìnrin náà ta sókè, Yèyé dìde nídìí ẹ̀gẹ́ tó ń bó. Ó ru báàfù omi ẹ̀gẹ́ kíkan, omi tó ti ń rùn láti ọjọ́ mélòó kan, ó wọ ilé wọn lọ láìkanlẹ̀kùn, ó sì dà á lé ọkùnrin náà lórí láti orí dé ẹsẹ̀. Ọkùnrin náà jáde síta, ó ń tu itọ́, ó ń búra. Àwọn ọmọdé ń rẹ́rìn-ín. Òórùn náà kò kúrò lára rẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀, bó bá sì ti ń bọ̀ lójú pópó ni wọ́n ń pa imú dé. Àwọn àgbà ìlú pe Yèyé, wọ́n ní kí ló dé tí kò wá sọ fún àwọn. Ó ní òun sọ, wọn kò gbọ́ ni. Wọ́n ní ṣé bí èèyàn ṣe ń yanjú ọ̀rọ̀ nìyẹn? Ó ní, “Ọwọ́ mi ti gbó, mi ò lè nà án. Omi ni mo ní.”

Èmi náà ti rí ìbínú yẹn rí nígbà tí mo fẹ́ kú. Mo tẹ̀lé àwọn ọmọ ìlú wọ ibi tó jìn, ẹsẹ̀ mi kò kanlẹ̀ mọ́, omi wọ imú mi. Yèyé ló wọ inú omi tìró-tìró wá fà mí jáde ní apá. Kí n tó mí tán, ó ti fọ́ mi létí. Lẹ́yìn náà ló fi ìró tútù yẹn wé mi, tó gbé mi mọ́ àyà, tí gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n ju tèmi lọ. Lọ́jọ́ kejì, ó mú mi padà sínú omi náà. Ó fi ibi tí ẹsẹ̀ lè dúró hàn mí, ó fi ibi tí ilẹ̀ ti já hàn mí. Ẹkún ni mò ń sun. Ó ní, “Omi kì í ṣe ọ̀tá rẹ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyá rẹ náà.”

Ohun tí ó wá ṣẹlẹ̀ nìyí.

Ọmọ ìlú kan wà tó ti lówó ní Èkó. Ọ̀túnba ni wọ́n ń pè é. Yèyé nìkan ni kì í pè é bẹ́ẹ̀. Ọmọ Sàfú ló ń pè é, nítorí òun àti Sàfú ìyá rẹ̀ ni wọ́n jọ ń sá láfún lórí àpáta kan náà kí Sàfú tó kú. Ọ̀túnba yìí wá sílé, ó rí omi, ó rí àpáta, ó ní ilé ìgbafẹ́ ni òun yóò kọ́ síbẹ̀. Ó gbẹ́ kànga ẹ̀rọ kan fún ìlú. Àwọn àgbà pàtẹ́wọ́, wọ́n ní àwọn obìnrin kò tún ní ohun tí wọ́n ń wá lọ sódò mọ́, omi ti dé ojúlé wọn. Ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Nígbà tí wọ́n pe ìpàdé, Yèyé dìde láàárín àwọn ọkùnrin, ó ní, “Ṣé orí ẹ̀rọ omi ni a ó máa sá láfún sí?” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní Ìyá Oníláfún tún ti dé.

Mo ti wọ ilé-ìwé girama nígbà yẹn, mo sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀ fún ìsinmi. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣí ilé ìgbafẹ́ náà, àwọn obìnrin kóra jọ sí iwájú ilé wa, wọ́n ní àwọn yóò jọ ru láfún lọ sẹ́nu géètì Ọ̀túnba. Ìyá Sílífà wà níbẹ̀, ọ̀rẹ́ Yèyé láti kékeré, tí ògiri kan ṣoṣo là láàárín ilé wọn. Òun ló sọ̀rọ̀ jù. Ó ní ẹni tí kò bá jáde lọ́la, kó má sọ pé obìnrin ni òun mọ́. Gbogbo wọn ní àwọn ń bọ̀.

Ilẹ̀ mọ́. A dúró. Kò sí ẹnì kan. Mo rí Ìyá Sílífà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó di ilẹ̀kùn mú, kò wo ọ̀dọ̀ wa. Mo bi Yèyé pé kí ló ṣe wọ́n.

“Ẹ̀rù ń bà wọ́n,” ó ní. “Ẹ̀rù ń bà mí náà. Gbé báàfù.”

A ru láfún tútù, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ìkòkò jáde, tí òórùn rẹ̀ lè gbé òkú dìde. A lọ, a bọ̀, a lọ, a bọ̀. Gbogbo iwájú géètì Ọ̀túnba, ibi tí wọ́n ti to íńtálọ́ọ̀kì pupa tó ń dán, ni Yèyé sá láfún sí, láti ògiri dé ògiri. Ó fi ọwọ́ tẹ́ ẹ dáadáa bó ṣe máa ń ṣe lórí àpáta. Máígádì ń bẹ̀ ẹ́, ó ń wòkè, ó ń wolẹ̀, kò lè fọwọ́ kan arúgbó. Yèyé wá gbé àpótí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó jókòó, ó ń lé eṣinṣin.

Àwọn ọkọ̀ dé, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì. Èyí tó ṣáájú fun fèrè. Yèyé kò mira. Awakọ̀ sọ̀ kalẹ̀.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, àlejò wà nínú ọkọ̀.”

“Wà á kọjá.”

“Màmá, oúnjẹ ló wà nílẹ̀.”

“O ṣeun tó o mọ̀. Tó o bá lè tẹ oúnjẹ mọ́lẹ̀, tẹ̀ ẹ́.”

Ọkùnrin náà wo láfún, ó wo táyà. Ó padà sínú ọkọ̀, ó pa á. Kí Ọlọ́run bù kún un níbikíbi tó bá wà, nítorí òun nìkan ló hùwà ọmọlúàbí lọ́jọ́ náà. Àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú agbádá, wọ́n ń fi áńkáṣíìfù bo imú. Ọ̀túnba alára jáde wá. Yèyé kò dìde.

“Ọmọ Sàfú,” ó ní, “orí àpáta tó o fi ògiri yí ká yìí ni ìyá rẹ ti ń sá láfún tó fi tọ́ ọ. Ó máa ń pọ̀n ọ́ sẹ́yìn, èmi a sì máa bá yín lé ewúrẹ́. Ó dáa. Níbo lo fẹ́ kí n sá tèmi sí?”

Ọ̀túnba rẹ́rìn-ín, nítorí àwọn tó ń ya fọ́tò wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò wo ojú Yèyé, láfún tó wà nílẹ̀ ló ń wò. Mo gbà gbọ́ títí di òní pé ká ní wọ́n fi òun àti Yèyé sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i, ojú ì bá tì í.

Wọn kò fi wọ́n sílẹ̀. Láti àárín àwọn àlejò ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti sáré jáde, Alájì, àkọ́bí Yèyé. A kò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n pè é. Ó wọ léèsì funfun. Níṣojú gbogbo ènìyàn, ó na gbọọrọ síwájú Ọ̀túnba, ó dọ̀bálẹ̀ sórí láfún tútù.

“Ẹ dárí jì wá, Ọ̀túnba. Ẹ má dá a lóhùn. Ọjọ́ ogbó ló ń dà á láàmú, orí rẹ̀ kò pé mọ́.”

Orí rẹ̀ kò pé mọ́! Ọmọ tó bí ló sọ bẹ́ẹ̀ níwájú rẹ̀, ọmọ tí orí yẹn ru ẹrù ẹ̀gẹ́ tọ́ yanjú. Yèyé wò ó. Mo retí pé kó pariwo, mo fẹ́ kó pariwo, kó rí omi kíkan kan dà lé e lórí. Ohùn jẹ́jẹ́ tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí ló fi sọ̀rọ̀.

“Dìde,” ó ní. “O ń tẹ láfún mi mọ́lẹ̀.”

Nítorí ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn, Ọ̀túnba ṣí ilẹ̀kùn kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ ògiri náà kí àwọn obìnrin lè máa gbà á dé orí àpáta. Ẹ gbọ́, àwọn tí kò jáde ló kọ́kọ́ gba ibẹ̀ wọlé. Ìyá Sílífà ló ṣáájú. Yèyé kò bá wọn jà. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, “Ìyà tó ń jẹ wọ́n kò yàtọ̀ sí tèmi. Ẹsẹ̀ wọn ló wúwo.” Èmi kò ní irú inú yẹn. Mo bínú sí Ìyá Sílífà fún ọ̀pọ̀ ọdún, mi ò sì kí i dáadáa.

Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ Yèyé kò gbé e mọ́. Kò ju bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tí kò lè dé odò mọ́ tí àgádágodo fi dé ẹnu ilẹ̀kùn kékeré náà. Kò sẹ́ni tó béèrè. Etí títì ni wọ́n ń sá láfún sí báyìí, ọkọ̀ ń da eruku lé e, a sì ń jẹ eruku náà.

Iṣẹ́ gbé mi wá sí Ọyẹ́ nígbà tí mo dàgbà, mo sì máa ń lọ wò ó ní òpin ọ̀sẹ̀. Ní ìgbà ìkẹyìn, ó dùbúlẹ̀, a sì ń gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ ilé ìgbafẹ́ láti inú yàrá rẹ̀. Mo ní, “Yèyé, ṣé o ò bínú mọ́ ni?” Ó la ojú.

“Ó rẹ̀ mí ni, Àjọkẹ́. Kò tíì tán.”

Ó kú láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n sì sin ín kí ilẹ̀ tó ṣú, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wa ti pa á láṣẹ. Ní ọjọ́ kẹjọ, a ṣe àdúà fún un. Ẹ wá wo irọ́! Alájì ló gba máìkì. Ó ní ìyá òun jẹ́ onísùúrù, ẹlẹ́nu jẹ́jẹ́, tí kò bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀ rí láyé. Ọ̀túnba jókòó sí iwájú, lórí àga ńlá, nítorí òun ló fi màlúù ránṣẹ́, òun ló gba kánọ́pì. Wọ́n ní kí ó bá wa sọ̀rọ̀. Ó dìde, ó nu ojú tí kò tutù, ó ní, “Ìyá mi ni Yèyé yìí. Ẹ jẹ́ ká ṣàdúà kí Ọlọ́run fẹ sàréè fún un.” Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú.

Mo dìde láàárín àwọn obìnrin. Mi ò gbèrò rẹ̀, ẹsẹ̀ mi ló gbé mi.

“Ọ̀túnba,” mo ní, “kí ẹ tó ní kí Ọlọ́run fẹ sàréè fún un, ẹ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ògiri yẹn. Ẹ ti gba ibi tó fẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó wà láàyè.”

Ọ̀túnba rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kan náà. Ó ní ọmọ-ọmọ Yèyé ni lóòótọ́.

“Jókòó!” Alájì ké mọ́ mi. “Ṣé o fẹ́ dójú ti ìdílé yìí ni? Jókòó!”

Mo ní mi ò jókòó. Mo ní, “Ẹ sọ pé orí ìyá yín kò pé. Ẹ sọ ọ́ níṣojú rẹ̀, mo wà níbẹ̀. Kò gbàgbé.” Àlùfáà ló gba ọ̀rọ̀ náà, ó yára gbé ohùn sókè, ó bẹ̀rẹ̀ àdúà kí ó má baà di ìjà. Gbogbo ènìyàn tẹ́ ọwọ́, wọ́n ń ṣe àmín, èmi nìkan ni mo dúró, omijé ìbínú ń dà lójú mi.

Mo wá rí i pé ẹnì kan di ìró mi mú láti ìsàlẹ̀. Ìyá Sílífà ni. Ẹni tó ti darúgbó tán, orúnkún rẹ̀ kò ṣeé tẹ̀ dáadáa mọ́. Mo rò pé ó fẹ́ fà mí jókòó bíi ti àwọn yòókù, mo sì já aṣọ mi gbà. Ó tún dì í mú, ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

“Dúró dáadáa,” ó ní, “kí n lè rí nǹkan gbára lé.”

Ó fi aṣọ mi fa ara rẹ̀ sókè, díẹ̀díẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, títí ó fi dìde dúró ní ẹ̀gbẹ́ mi níwájú gbogbo wọn. Kò na ọwọ́ síwájú, kò sì ṣe àmín. Ó tẹjú mọ́ Ọ̀túnba.